Aago Mẹ́sàn-án Ààbọ̀ ní Sátidé Ìparí Oṣù

Ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá tí wọ́n sì padà sí bárékè wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó wà láàárín Ṣómólú àti Bàrígà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò sí mọ́. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì ni ẹ ó rí, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ fún yín pé àwọn èèyàn kan ti kàwé níbẹ̀ rí.

Lọ́dọọdún, tí àjọ̀dún ìjọba alágbádá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa a máa wá pè mí pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa pè mí ní Kọ́múréèdì. Wọ́n á fún mi ní omi tútù, wọ́n á gbé àga onírọ̀rí fún mi, n ó sì sọ fún wọn bí a ṣe sá fún tajútajú ní Fádèyí, bí mo ṣe sun ọjọ́ mẹ́ta ní àgọ́ ọlọ́pàá, bí bàtà mi kan ṣe ṣẹ́kù sójú títì tí mi ò sì rí i mọ́ títí dòní. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà n ó padà sílé, n ó jókòó sórí àga Bàámi nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí ní èmi nìkan. Ìtàn ìbò tí wọ́n jí ni àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn jù. Ọ̀kan wà tí mo lè sọ ju ẹnikẹ́ni lọ, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún wọn rí, nítorí èmi gan-an ni mo jí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí nígbà náà. Ọdún méjì ni iṣẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń kọ́ni. Ẹni tó bá ṣe é parí, yunifásítì kan wà tó yẹ kó gbà á wọlé, kó lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀ títí yóò fi gba dìgírì. Àdéhùn wà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ayé àwọn ológun sọ àdéhùn náà di bébà lásán. Ìyanṣẹ́lódì lónìí, títì pa lọ́la; iṣẹ́ ọdún méjì di ọdún mẹ́rin mọ́ wa lọ́wọ́. Àwa mẹ́tàdínlọ́gọ́rin la kù ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì tí yunifásítì náà kò dá lóhùn. Ìjà tí mo bá àwọn ṣọ́jà jà, èyí ló wà nídìí rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni a máa ń pè é nígbà tí a bá gun orí tábìlì láti sọ̀rọ̀.

Bọ́sẹ̀ ni igbákejì mi. Ìlàjẹ ní Bàrígà ló ń gbé, létí ọ̀sà. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń yan ẹja tà. Kí ó tó wá sí kíláàsì láàárọ̀, ó ti dáná ẹja, ó ti yí i padà, ó ti kó o sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí náà òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa sọ ọ́ ní Bọ́sẹ̀ Ẹja Yíyan. Kò bínú rí. Á ní, “Ẹni tó bá ní ẹ̀bà nílé kó gbé e wá, kó dúró tì mí kó máa bù ú. Ọ̀fẹ́ ni.” Báyìí ló ṣe pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la kọ gbogbo lẹ́tà tí a kọ sí yunifásítì náà. Èmi máa ń kọ èyí tó dùn lẹ́nu, òun á wá pa á rẹ́, á kọ èyí tó yéni. Tí a bá ti fi lẹ́tà sílẹ̀ tán, a ó fẹsẹ̀ rìn padà, a ó máa jiyàn láti Fádèyí títí dé ilé. Ó máa ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàámi ní Ṣómólú, èmi náà á sìn ín padà títí a ó fi gbóòórùn ọ̀sà, òun á tún ní òun fẹ́ sìn mí díẹ̀ sí i. Ìyá rẹ̀ ní wèrè ni àwa méjèèjì. Mi ò fẹ́ ẹ, òun náà ò sì fẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wá. Láti ìgbà yẹn, mi ò tíì ní ẹlòmíràn tí mo lè bá jiyàn bẹ́ẹ̀ láìbínú.

Nígbà tí alágbádá dé, yunifásítì náà ránṣẹ́ pè wá. Obìnrin àgbà kan ni ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé wọn, ó wé gèlè kékeré, gíláàsì rẹ̀ sì so mọ́ okùn lọ́rùn. Ó fún wa ní àga, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe fún wa níbẹ̀ rí.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, inú yín á dùn. A ó gba ọgbọ̀n nínú yín.”

Bọ́sẹ̀ ní, “Ẹ ṣé, mà. Àwa mẹ́tàdínlọ́gọ́rin la wà.”

“Mo mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìgbìmọ̀ wa ti pín sí méjì lórí ẹni tó yẹ ká mú. Àwọn kan ní ká wo máàkì, kí ẹni tí tirẹ̀ ga jù kọ́kọ́ wọlé. Àwọn kan ní rárá, ká kọ́kọ́ mú ẹni tó ti parí àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé lórí wọn ni ohun tí a fẹ́ kọ́ yín dúró lé.” Ó yọ gíláàsì rẹ̀. “Ẹ ṣáà ń pariwo ìjọba àwa-ara-wa. Ó dáa. Ẹ lọ jókòó láàárín ara yín, kí ẹ mú àbá kan ṣoṣo wá. Èyí tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí la ó lò.”

Kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ mẹ́ta yẹn ni ìṣirò kejì, iṣẹ́ láàbù fisíìsì, àti iṣẹ́ láàbù kẹ́mísírì. Nígbà tí wọ́n ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa, olùkọ́ wa kan kó irin iṣẹ́ láàbù díẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bàrígà, ó sì ń kọ́ ẹni tó bá wá ní gbogbo Sátidé. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Bàrígà àti Ìlàjẹ sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì ń lọ. Bọ́sẹ̀ kò pa ọjọ́ kan jẹ. Èmi lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìpàdé pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìwọ́de pọ̀, òkìkí náà sì ń dùn mọ́ mi, kí n má parọ́. Nínú kọ́ọ̀sì tí mo jókòó fún, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mi ò parí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn.

A ò tíì jáde ní géètì yunifásítì náà tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

“Máàkì ló yẹ ká lò,” mo ní. “Máàkì ló ń fi ẹni tó ní ọpọlọ hàn.”

“Ọpọlọ ta ni? Tìrẹ?”

“Bọ́sẹ̀, jọ̀ọ́. Ẹni tó wà lójú títì nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń yìnbọn, ṣé òun ló yẹ ká fìyà jẹ pé kò ráyè wọ láàbù?”

“Èmi náà ò sí lójú títì ni? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wà ní láàbù lọ́jọ́ Sátidé, mo yan ẹja láàárín méjèèjì. Máàkì mi ò ga, mo mọ̀. Oorun ló ń gbé mi lọ nígbà ìdánwò. Àmọ́ kò sí nǹkan kan tí wọ́n ní kí n ṣe tí mi ò ṣe.”

“C lórí C.”

Ó dúró sójú ọ̀nà. “C tí mo gbà sàn ju A tí o ò jókòó fún lọ, Délé. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. O fẹ́ lọ jókòó sí kíláàsì tí wọ́n á ti máa sọ pé ‘bí ẹ ṣe ṣe é ní láàbù yẹn’, ìwọ á wá máa wo ẹnu wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ní kí a dìbò. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé máàkì ló wọlé, òun á gbà, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá fi ọwọ́ kan èjìká mi. “Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí gbogbo wa wà níbẹ̀.”

Ràṣídì ni ààrẹ ẹgbẹ́ wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n, èmi ló sì máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Ó ní kí n wá ibi tí a ó lò, kí n mú ọjọ́ àti aago. Ṣọ́ọ̀bù Bàámi ni mo mú, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀. Títò ni a ó tò dìbò: ẹni tó bá fẹ́ máàkì á tò sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ á tò sí ọwọ́ òsì, akọ̀wé á sì kà wọ́n sókè. Ayé àwọn ṣọ́jà náà la ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́. A fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò sí àpótí tí ẹnikẹ́ni lè gbé sá lọ. Kò sí ojúṣàájú nínú títò, bí a ti máa ń sọ nìyẹn.

Mo jókòó ti ìwé orúkọ ẹgbẹ́, mo kà á. Mo fi àmì sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ gbogbo wọn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mẹ́rìndínláàádọ́ta á tò sí òsì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n á tò sí ọ̀tún. Èmi tí mo jẹ ìyà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, èmi tí ohùn mi há fún ẹgbẹ́, n ó dúró sílé, Bọ́sẹ̀ á sì wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára débi pé mo sunkún. Mo sọ ọ́ fún yín nítorí kí ẹ má rò pé ìkà ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni mo rò pé mo jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òní kò bá a, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní Èkó nígbà yẹn, Sátidé tó bá parí oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn lójú títì. Ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká ni. Kóówá á dúró síwájú ilé rẹ̀, á máa kó gọ́tà, á máa gbálẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà, àwọn agbófinró á fa ọkọ́ lé e lọ́wọ́, á sì kó gọ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀ títí aago mẹ́wàá á fi lù. Láti Ìlàjẹ dé ṣọ́ọ̀bù Bàámi, títì ńlá wà láàárín. Sátidé ìparí oṣù ni mo mú. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo kọ.

Bàámi ló bá wa tẹ ìwé ìpè náà. Ará Ìjẹ̀bú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Títí di ìgbà yẹn ó ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ó tò ó dé ibi ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ṣé kì í ṣe Sátidé ìmọ́tótó nìyí?”

“Òun ni, sà.”

“Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó gbé lẹ́tà onírin kan dání fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní, “Títẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Ohun tí a kọ, tìrẹ ni.” Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìwé yẹn náà ni mo kó fún Bọ́sẹ̀ pé kó pín in ní Ìlàjẹ. Ó wò ó, ó ní, “Ìmọ́tótó ńkọ́?” Mo ní kó má ṣèyọnu, pé mo ti bá àwọn agbófinró sọ̀rọ̀, pé tí wọ́n bá ti fi ìwé ìpè hàn wọ́n, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n kọjá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbà mí gbọ́. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpò, ó sì tún sìn mí dé ìdajì ọ̀nà bó ti máa ń ṣe.

Àwọn tèmi, ẹnu ni mo fi sọ fún wọn: kí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù kí aago méje tó lù. Wọ́n dé nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, wọ́n jókòó sórí àwọn ìdì bébà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn mẹ́sàn-án kan tó fẹ́ tò sí òsì, tí wọ́n ń gbé ní òpópónà wa gan-an, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lù, Ràṣídì wo yíká.

“Akọ̀wé, àwọn Bọ́sẹ̀ dà?”

“A ti pín ìwé fún wọn. Aago tó wà nínú rẹ̀ ló lù yìí.”

Ó wò mí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò mí. Ó mọ̀. Ó ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.” Mọ́kànlélọ́gbọ̀n tò sí ọ̀tún, mẹ́sàn-án tò sí òsì. Mo kà wọ́n sókè ketekete. Mo ṣí ìwé ìpàdé, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló péjú. Máàkì ni a fẹnu kò lé lórí.” Ràṣídì fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ kí Bọ́sẹ̀ tó wọlé. Àwọn bíi mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lọ́nà, àwọn mìíràn ti padà sílé. Ẹrẹ̀ gọ́tà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún. Ìwé ìpè tí Bàámi tẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ti mu ún. Ó wo eérún búrẹ́dì nílẹ̀. Ó wo bí àwọn kan ṣe na ẹsẹ̀ sórí ìdì bébà bí ẹni tó ti jókòó pẹ́.

“Aago mélòó lẹ dé ibí?” Ó bi gbogbo ilé. Ẹnì kan ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ìdì bébà.

Ó kọjú sí mi. “Délé, o ní o ti bá wọn sọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Wọ́n lè ti gbàgbé.”

Bàámi dìde nídìí máṣínì rẹ̀. Ó wọ inú lọ, ó bu omi sínú abọ́, ó gbé e wá síwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ó sì ní, “Ọmọ mi, bá mi bu omi yìí sẹ́sẹ̀.” Bọ́sẹ̀ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàámi. Nígbà tó dìde, ó ní, “Mo ti sọ pé n ó gbà. Mo gbà.” Ó jáde. Lọ́jọ́ yẹn mi ò sìn ín.

Ohun tí a jẹ nínú rẹ̀ nìyí. Yunifásítì náà lo àbá wa, wọ́n mú ọgbọ̀n nípa máàkì, èmi ni ẹnì kẹta lórí ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn ò gba ẹnikẹ́ni mọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Nínú ọgbọ̀n náà, àwọn kan ṣe dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, máàkì kì í ṣe nǹkan yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni òtítọ́, kò tíì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì mi níbẹ̀, olùkọ́ fisíìsì dúró níwájú, ó ní, “Bí ẹ ṣe ṣe é ní láàbù lọ́dún tó kọjá,” mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu rẹ̀. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi láti sọ fún Bọ́sẹ̀ pé ó ti sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ ló jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún kọ́ọ̀sì yẹn ṣe. Dìgírì tí mo gbà níkẹyìn kò wúlò fún ohun kan ju kí n gbé e kọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù Bàámi lọ.

Bàámi kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú. Ìgbà kan wà tí mo bínú sí i, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kí ló dé tó fi tẹ ìwé yẹn? Bí mo ti ń dàgbà ni mo wá rí i pé ó bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ràṣídì lọ sí òkè òkun, kò pè mí rí. Àwọn tó jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, tí a bá pàdé ní Ṣómólú a ó kí ara wa, kóówá a sì ní òun ń kánjú. Ilé mi kún fún bébà, kò sí èèyàn níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo yà á náà ò gbàgbé. Ní oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti pàtẹ́wọ́ fún mi tán gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, mo gbé ìwé ìpàdé náà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìlàjẹ.

Kò ṣòro láti rí i. Òun ló ń yan ẹja nídìí ààrò ìyá rẹ̀ báyìí. Tó bá sì ti kó ẹja kúrò lórí iná, á wẹ ọwọ́, á lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà, á lọ kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ní fisíìsì. Wọ́n ní ogúnlọ́gọ̀ ló ti tọwọ́ rẹ̀ wọ yunifásítì. Ó wò mí láti inú èéfín.

“Délé. O ti rù.”

Ó gbé àpótí ìjókòó fún mi síbi tí èéfín ò ní dé. Mo ṣí ìwé náà fún un sí ojú ewé yẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Nígbà tó dé ibi “gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló péjú,” ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Mo ní, “Mo wá bẹ̀ ọ́. Irọ́ ni mo pa. Mi ò bá agbófinró kankan sọ̀rọ̀. Mo ti ka iye wa, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa borí.”

“Mo mọ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí bàbá yín gbé omi wá.” Ó yí ẹja kan padà. “Mo rò pé o máa wá lọ́dún àkọ́kọ́. Mo ń retí rẹ. Mo tiẹ̀ ti ro ohun tí n ó sọ. Lọ́dún kejì mo ṣì ń retí. Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Omijé dé ojú mi, mo ṣe bí ẹni pé èéfín ló fà á. “Bọ́sẹ̀, dárí jì mí.”

“Èmi? Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ta ló fẹ́ máa gbé ẹrù yẹn kiri?” Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi. “Àmọ́ èmi nìkan kọ́ ni o tì mọ́ ìta. Àwa mẹ́tàdínlógójì ni. Àwọn kan ti kú. Àwọn kan ṣì rò títí dòní pé àwọn ló pẹ́, wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n má máa pẹ́. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí náà ló sọ pé a wà níbẹ̀. Lọ tún un kọ.”

“N ó tún un kọ.”

“Kọ aago náà sí i.”

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó bu omi wẹ ọwọ́, ó ní kí n máa rọra lọ, ó sì bá wọn lọ. Mo dúró díẹ̀ bóyá á bojú wẹ̀yìn. Mo dá rìn láti etí ọ̀sà dé Ṣómólú. Ọ̀nà náà kò gùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwa méjì ń rìn ín.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń pè mí ní Kọ́múréèdì, a rí nǹkan gbà lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà, òótọ́ ni. A gba ẹ̀tọ́ láti jókòó kí a sì yan ohun tí a fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀tọ́ yẹn lé èmi lọ́wọ́, ohun tí mo fi ṣe ni mo sọ fún yín yìí. Mi ò lè dá àyè tí Bọ́sẹ̀ pàdánù padà fún un. Èyí tó kù tí mo jẹ wọ́n ni mo san sísàlẹ̀ yìí, mo sì ti tò ó fúnra mi pẹ̀lú lẹ́tà onírin Bàámi, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kí n lè tẹ̀ ẹ́ kí n sì pín in dé Ìlàjẹ:

Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àtúnkọ. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, ní Sátidé ìparí oṣù, nígbà tí òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn. Àwa ogójì la wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́tàdínlógójì kò sí níbẹ̀. Wọn kò pẹ́. Akọ̀wé mọ̀ pé wọn kò ní lè dé. Ìdí nìyẹn tó fi mú aago náà.